Ìlà Kẹwàá Nínú Ìwé Ilé

Leeds, ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ̀wàrà, 1982

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Liska màlúù yín ti bímọ? Blaž àbúrò mi ńkọ́, àti Vida ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ? Èmi ṣì wà láàyè. Òjò ló ń pa wá níbí, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Mo fi kọfí kìlò méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ, torí mo gbọ́ pé kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ lọ́dọ̀ yín nílé, láti Loka títí dé Ljubljana. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ mu kọfí náà. Ẹ má fi ṣe àlejò.

Iṣẹ́ ń lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè wa, láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè tiwa, ti dé lẹ́tà K. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Pettifer, sì ti gbé ọ̀rọ̀ kékeré kan lé mi lọ́wọ́ tó fẹ́ yọ ẹ̀mí mi. "Keep" ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n igba káàdì ó lé méjìlá ló wà nínú àpótí rẹ̀, káàdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń sin adìyẹ, ọ̀rọ̀ yìí ni. Ẹni tó mú ìlérí ṣẹ, òun náà ni. Ẹni tó pa ẹnu mọ́, ẹran tí kì í tètè bàjẹ́, ọjọ́ ọdún tí à ń ṣe, ẹni tí kì í yé sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó sínú ọ̀rọ̀ kan yìí. Kódà ilé gogoro tó wà láàrin odi àwọn ọba àtijọ́, orúkọ kan náà ló ń jẹ́. Àwa ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti lò níbí ti jẹ́ kí àwọn míì máa sá fún mi. Ẹ bá mi rò ó: ẹran tí a bò sínú ọ̀rá, tí kò bàjẹ́ títí di ìgbà ooru, kí ni Ìyá àgbà máa ń sọ pé ẹran náà ń ṣe?

Ọ̀rọ̀ kejì. Ančka ọmọ àǹtí Neža kọ̀wé sí mi pé Blaž fẹ́ mú yín lọ sí kóòtù ní Loka kí ẹ lọ fọwọ́ sí ìwé ilé. Màmá, ṣé òótọ́ ni? Láti ìgbà ọdún Maria nínú oṣù Ògún ni mi ò ti rí lẹ́tà yín. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun kí n tó kà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i.

Èmi ọmọ yín tí oorun ń fò lójú rẹ̀,
Zalka


Podjavor, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà

Zalka ọmọ mi,

Mo kí ọ. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí. Liska bí akọ. Kọfí dé, ọṣẹ náà dé. Vida ti gbé kọfí sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa, ó ní ti ọjọ́ àlejò ni. Mo ní, "Vida, èmi gan-an ni àlejò." Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Nígbà míì, fi í sínú ìbọ̀sẹ̀. Kò ní wo ibẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ rẹ tó fẹ́ pa ọ́. Ẹran inú ọ̀rá ń fara dà á ni, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi máa ń sọ. Adìyẹ, à ń sìn ín. Ìlérí, à ń dì í mú. Àṣírí, ẹnu là ń pa mọ́. Ẹni tí kì í yé sọ̀rọ̀, Vida ni, kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì. Ṣé òṣì ló ń ta àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, tí wọ́n fi ń fi ṣíbí kan ṣoṣo mu ọbẹ̀, tí wọ́n ń fi í ro ọkà, tí wọ́n tún ń fi í gbẹ́ ilẹ̀?

Síbẹ̀ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀kan wà tí àwa náà fi ń ṣe méjì. Bí mo bá fi aṣọ pamọ́ sínú àpótí, hraniti ni. Bí mo bá bọ́ ọmọ, hraniti náà ni. Mo bi olùkọ́ wa léèrè nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ó ní kí n lọ jókòó. Bi ọ̀gá rẹ, bóyá òun mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ ni Ančka sọ. Bàbá yín ti kú láti ọdún mẹ́fà, Blaž ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń ro títí di òní. Èmi náà ti lé ní àádọ́rin. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá àgbà rẹ ṣe é fún bàbá rẹ, èmi náà máa ṣe é. Màá fún Blaž ní ilé, oko, igbó àti màlúù, òun náà á kọ kọ̀rọ̀ mi, ìyẹn ẹ̀tọ́ mi nínú ilé, sínú ìwé ní ìlà-ìlà: ibi tí màá sùn, ohun tí màá jẹ, igi tí màá fi yáná, títí tí ẹ ó fi sin mí. Adájọ́ á kà á sókè. Tí a bá ti fọwọ́ sí i, ó parí. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà kò sí nínú ilé, ìwọ náà mọ̀.

Ẹni tó ní kí n má fọwọ́ sí i, ọdún méjì ló sọ fún mi nígbà tó gbé àpótí rẹ̀ jáde. Mo ti ka ìka ọwọ́ tán, mo ti bẹ̀rẹ̀ tẹsẹ̀. Fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ránṣẹ́, nọ́mbà àádọ́rùn-ún.

Ìyá rẹ,
Jera


Leeds, ọjọ́ kẹwàá oṣù Bélú

Màmá mi,

Ẹ kú òtútù. Abẹ́rẹ́ wà nínú àpò ìwé yìí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ẹ rọra ṣí i. Ọ̀gbẹ́ni Pettifer rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ṣíbí fún un. Ó ní kí n kí yín. Ti hraniti, òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán Blaž. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Lojza, ìyá arúgbó etí odò. Wọ́n kọ igi ìdáná sínú ìwé rẹ̀, wọn ò kọ pé kó jẹ́ gbígbẹ. Igi tútù ni ọmọ rẹ̀ ń gbé fún un ní gbogbo ìgbà òtútù, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ìyá náà lójú, nígbà tí ẹ sì lọ bá ọmọ náà wí, ìwé ló nà sí yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn yẹn fún mi. Láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé ni mo ti ń rí i lójú oorun, àfi pé ojú yín ló máa ń wà lára Lojza.

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo wá dé káàdì tí mo ti ń sá fún. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà, Gẹ̀ẹ́sì tún ń fi í pe oúnjẹ àti ibùsùn tí ènìyàn ń rí gbà níbi tó ń gbé. Àpẹẹrẹ tó wà lórí káàdì náà ni pé ó yẹ kí arúgbó máa ṣiṣẹ́ fún tirẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn tán. Mo rí yín níwájú ìgbáàkọ Vida, tí ẹ ń bó ànàmọ́ kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí náà, kí n má bàa tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé, oko, igbó àti màlúù. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, ẹ ò dárúkọ mi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo lọ. Mi ò béèrè ilẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Ṣùgbọ́n Bàbá ò bi mí rí, ẹ̀yin náà ò bi mí. Ó dùn mí.

Ẹ tètè dá mi lóhùn.
Zalka


Podjavor, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Bélú

Zalka,

Abẹ́rẹ́ dé, ọ̀kan ti kán. O ṣeun.

Ìlà mẹ́sàn-án la ti fẹnu kò lé lórí. Yàrá kékeré tó gba oòrùn jẹ́ tèmi. Ààyè mi lórí bẹ́ǹṣì ìdí ààrò jẹ́ tèmi, apá ibi tí ògiri wà, ajá kan ò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Wàrà lítà kan lójoojúmọ́. Ẹyin mẹ́rin lọ́sẹ̀, Blaž ní mẹ́ta, mo wo ojú rẹ̀, ó di mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí a bá pa á, pẹ̀lú itan kan tí a fi èéfín gbẹ. Igi ìdáná, gbígbẹ, lílà, kí wọ́n sì gbé e wọlé. Mo ní kí ó kọ "gbígbẹ" lẹ́ẹ̀mejì nítorí Lojza, ó ní adájọ́ máa fi wá rẹ́rìn-ín, mo ní kó rẹ́rìn-ín. Igi ápù ẹ̀gbẹ́ ilé oyin, èso orí rẹ̀ àti èyí tó bá jábọ́. Ọ̀nà sí ibi kànga àti ọ̀nà sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n máa gbà á láìtọrọ gáfárà. Ìsìnkú pẹ̀lú agogo mẹ́ta àti oúnjẹ fún àwọn tó bá wá. Ṣé o rí i? Mi ò tíì di arìndìn.

Ìlà kẹwàá ni Blaž ò fẹ́ rí sójú. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ, torí o máa kọ̀wé sí i, òun náà á kọ̀wé sí ọ, èmi tí mo wà láàrin ni ìyà máa jẹ. Vida ti bá mi sọ ọ́, àlùfáà ti bá mi sọ ọ́. Mo ní bí kò bá sí ìlà kẹwàá, kò sí ìfọwọ́sí. Ọjọ́ mímọ́ Lucija la máa lọ sí kóòtù, ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀.

O ní mi ò dárúkọ rẹ. Ọmọ tó mọ igba ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, kó máa fi sùúrù kàwé.

Ìyá rẹ


Leeds, ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀pẹ

Màmá mi,

Ẹ kú ìmúra ọdún. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ Lucija. Kí ni ìlà kẹwàá? Ṣé ti dókítà ni, pé bí ara yín ò bá yá, kí Blaž gbé yín lọ sí Loka lójú ẹsẹ̀? Ṣé ẹni tó máa tọ́jú yín tí ẹ ò bá lè dìde mọ́ ni? Ohun tí ọmọ tí ẹ bí ò fẹ́ kọ sílẹ̀, àfi kó jẹ́ ohun tó wúwo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bí ó bá jẹ́ ti dókítà, ẹ má gbà láìsí i, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ohun kékeré, bí ẹyin karùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ lè sùn nínú ilé yín ní àlàáfíà. Ẹ wò ó, mi ò mọ èyí tí màá sọ. Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi.

Káàdì tó kù fún mi kò ju ogójì lọ.

Zalka


Leeds, ogúnjọ́ oṣù Ọ̀pẹ

Màmá mi,

Ọjọ́ Lucija ti kọjá láti ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń dúró de akólẹ́tà lójú fèrèsé láràárọ̀, ìyá onílé mi ti rò pé mo ní ọkọ tó wà lógun. Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i? Ṣé ara yín le? Ṣé inú ló ń bí yín sí mi nítorí ohun tí mo kọ nínú oṣù Bélú? Ẹ dárí jì mí. Ìbẹ̀rù ló kọ ọ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe mí. Wọ́n máa ti ọ́fíìsì wa pa ní ìparí oṣù yìí. Láti oṣù Owewe ni mo ti mọ̀, mi ò sọ ọ́ fún yín. Wọ́n ní ìwé náà ti pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ láti L títí dé Z kò ní rí ojú ayé. Ọ̀gbẹ́ni Pettifer ń kó káàdì sínú páálí bí ẹni ń di òkú. Ìyá onílé fẹ́ gba yàrá rẹ̀ padà fún ọmọ rẹ̀. Ikọ́ tó mú mi láti ọjọ́ Àwọn Òkú kò tíì lọ, dókítà ní kí n sinmi, mi ò bi í pé níbo. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, Màmá, àpótí kan náà ni mo ní tí mo gbé kúrò nílé.

Káàdì kan ṣoṣo ló kù. Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ohun tí a fi sílẹ̀ de ẹni tí kò sí níbẹ̀, bí oúnjẹ ẹni tí kò tíì dé láti oko. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ méjì, mo ti pa méjèèjì rẹ́. Kí là ń pè é nílé? Nígbà tí mo bá pẹ́ ní ilé ìwé, ẹ máa ń ti àwo mi sínú ààrò. Mi ò rántí ohun tí ẹ máa ń sọ.

Ẹ má sọ fún Blaž pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó ṣàánú mi.

Zalka


Podjavor, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ọ̀pẹ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀wé kọ bíi tiyín, ẹ má bá mi ṣe àtúnṣe.

Màmá ò sí nílé. Lẹ́tà yín kan wà lórí tábìlì, mi ò ṣí i. Lọ́jọ́ Lucija a dé iwájú adájọ́, ó ń kà á, ó parí ìlà kẹsàn-án, ó ní, "Ṣé ó tán?" Màmá ní, "Ó ku ọ̀kan." Mo ní kò kù. Màmá bá dìde, ó wé ìborùn rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀ fún adájọ́ náà, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé àǹtí Neža. Ibẹ̀ ló wà láti ìgbà náà. Ó ń sùn lórí àga gígùn nínú ilé ìdáná wọn, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò bá mi wálé. A pa ẹlẹ́dẹ̀ láìsí i. Vida ló rọ ẹ̀jẹ̀ sínú ìfun fún sọ́séèjì dípò Màmá, ìdajì ló bẹ́ nínú omi gbígbóná. Gbogbo abúlé ló ń bi mí pé ṣé mo lé ìyá mi jáde ni.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìlà kẹwàá? Ẹ gbọ́ o. "Yàrá òkè tó kọjú sí ọgbà èso, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti kọ́kọ́rọ́, jẹ́ ti Zalka níwọ̀n ìgbà tí kò bá ní ọkọ, nígbà àìsàn tàbí nígbà tí kò bá níṣẹ́, kó máa jẹun nínú ìkòkò tí àwọn ará ilé ń jẹ." Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí kò gbéyàwó tí kò sì lọ́kọ nìyẹn láyé àwọn bàbá bàbá wa. Mo ní, Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ń fi kálàmù jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló fẹ́ fi yàrá òkè ṣe? Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, méjì ń sùn lórí ibùsùn kan. Kí n ti yàrá pa fún ẹni tó wá kí wa lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ọdún mẹ́rìnlá? Ẹ sọ òtítọ́, ṣé mo jẹ̀bi?

Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò nílò rẹ̀. Ìlà kan péré. Màá mú un lọ bá Màmá, á gbà, á padà sídìí ààrò rẹ̀. Òtútù ti mú níbí, mo sì ń bẹ̀rù.

Àbúrò yín,
Blaž


Leeds, ọjọ́ kẹta oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1983

Blaž àbúrò mi,

Ẹ kú ọdún, ìwọ àti Vida àti àwọn ọmọ.

O ò jẹ̀bi. Pa ìlà kẹwàá rẹ́. Mo níṣẹ́ tó dára, mo ní yàrá tó móoru, àwọn ará ibí sì ń tọ́jú mi. Mi ò nílò yàrá òkè. Kó àwọn ọmọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì yẹn máa ń dún lápá òsì, fi páálí há a lẹ́sẹ̀. Fi lẹ́tà yìí han Màmá. Sọ fún un pé mo ní kó lọ sílé, kó jókòó sí ààyè rẹ̀. Mi ò lè fara dà á kó máa sùn lórí àga nítorí mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Bí lẹ́tà kan bá dé fún Màmá tí mo kọ ní ogúnjọ́ oṣù tó kọjá, má fún un, má sì kà á. Ibà ló ń ṣe mí nígbà tí mo kọ ọ́. Jù ú sínú ààrò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Zalka


Podjavor, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́

Zalka ọmọ mi,

Mo kí ọ láti orí bẹ́ǹṣì mi, ní apá ibi tí ògiri wà.

Ta ló sọ fún ọ pé bí a bá ní kí Blaž má ka nǹkan, kò ní kà á? Ṣé o ti gbàgbé irú ọmọ tó jẹ́ ni? Yìnyín dí ọ̀nà wa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, akólẹ́tà ò lè gun òkè. Nígbà tó dé, lẹ́tà rẹ méjèèjì ló kó dé lọ́jọ́ kan náà, èyí tí o kọ sí mi àti èyí tí o kọ sí i. Vida ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní tirẹ̀ ni Blaž kọ́kọ́ kà, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ó gbà." Ìgbà tó dé ìdí ibi tí o ti ní kó jù ú sínú ààrò, ó dúró. Ó ṣí tèmi, ó kà á lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú yìnyín lórí bàtà. Vida ní ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó gbé àáké, ó jáde lọ la igi títí ilẹ̀ fi ṣú, Vida pè é sídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé katakata wá sí ilé Neža nínú yìnyín. Ó ní, "Màmá, ẹ gùn ún." Mo ní, "Lọ síbo?" Ó ní, "Kóòtù." Mo ní mi ò fọwọ́ sí ìlà mẹ́sàn-án. Ó ní, "Màmá, ẹ gùn ún, ẹ jọ̀ọ́." Mo wo ojú rẹ̀. Ojú tó ní nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje tó pa adìyẹ aládùúgbò wa ni. Mo gùn ún.

Adájọ́ náà, obìnrin ni, rántí wa. Ó ka mẹ́sàn-án. Ó ka ẹ̀kẹwàá. Ó wo Blaž, ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ lòdì sí eléyìí lóṣù tó kọjá?"

Blaž ní, "Èmi ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì fi igi ìdáná kún un."

Adájọ́ ní, "Igi ìdáná ti wà ní ìlà kẹfà."

Ó ní, "Ti Màmá nìyẹn. Ẹ kọ ti ẹ̀gbọ́n mi lọ́tọ̀. Gbígbẹ. Yàrá yẹn tutù."

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún ọ, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i, orúkọ mi jáde bí ìwé ọmọ kíláàsì kìíní. Inú ń bí mi sí ọ pé o fi nǹkan pamọ́ fún mi láti oṣù Owewe. Èmi náà fi ìlà kẹwàá pamọ́ fún ọ, nítorí náà mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní mi ò dárúkọ rẹ, ó dùn mí ju orúnkún lọ.

Àwọn ọmọ ń sùn bí wọ́n ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀, Blaž fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún wọn. Vida ti gbé tìmùtìmù rẹ sídìí ààrò kó gbẹ dáadáa. Lánàá ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀gbọ́n máa ń mu kọfí láàárọ̀?" Mo ní kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣí i, a jókòó mu ún, èmi àti òun, ó sì dára.

O bi mí nípa àwo inú ààrò. Mi ò mọ ohun tí o fẹ́ kọ sórí káàdì rẹ. Mi ò rò pé mo máa ń sọ nǹkan kan. Mo kàn máa ń tì í síbẹ̀ kó má bàa tutù ni. Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣebí wọ́n ti ti ọ́fíìsì náà pa.

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ìbọ̀sẹ̀ tó wà nínú ẹrù yìí. Má jẹ́ kó bọ́ sọnù, kò sí ẹnìkan ní Loka tó mọ irú rẹ̀ rọ mọ́. Kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin rẹ máa dé sí wa kí o tó gbéra. Blaž ló ń béèrè. Ó ní yàrá òkè yẹn ń gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó móoru, òun sì fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dáná.

Ìyá rẹ,
Jera